Kábéèjì Inú Ìkòkò Ìyá Aláró

Ògbómọ̀ṣọ́,
ẹ̀bá ọ̀nà Tákíé.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo agbo ilé tó gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wá ibì kan jókòó sí. Mo mọ̀ ọ́, orí ìdúró lo ti máa ń kàwé: wàá ka ìlà méjì, wàá sáré lọ wo ọbẹ̀, nígbà tí o bá sì padà dé, ìparí lo máa bọ́ sí. Èyí gùn, kò sì ṣeé kà báyẹn. Sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ ló ka ìwé tìrẹ sókè fún mi. Ohùn tí wọ́n fi máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kà á, títí wọ́n fi dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé, “Ìyá mi, mo fẹ́ padà wálé.” Ohùn náà wá lọ sílẹ̀. Bàbá rẹ ká ìwé, wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé kẹ̀kẹ́ ológeere wọn jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Wọ́n ní àwọn ń lọ mú ọmọ àwọn ní Ọ̀yọ́, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Mo ní, “Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sí i ná. Bó bá ka ìwé mi tán tó ṣì fẹ́ máa bọ̀, ẹ lọ mú un.” Wọ́n gbà, àmọ́ wọn ò gbé kẹ̀kẹ́ náà padà sínú yàrá. Wọ́n fi ti ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà, òun ni mò ń wò báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi: ṣé o máa dúró nílé ọkọ rẹ ni, àbí o máa padà. Mi ò ní fi agbára mú ọ ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí ó má bàa sọnù sáàárín ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń nà ọ́ ni, tàbí ebi ń pa ọ́, tàbí ọkọ rẹ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èèyàn, pa ìwé yìí dé kí o máa bọ̀. Má dúró di aṣọ. Mo ní kí bàbá rẹ ka ìwé rẹ léraléra fún mi, èmi náà sì fi ojú ara mi tọ̀ ọ́ ní ìlà-ìlà, mi ò rí ìyẹn níbẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni kábéèjì.

O ní o gbin kábéèjì sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti hù, ó ti ń yọ ewé, àfi bí ìyálé ilé yín ṣe fa gbogbo rẹ̀ tu, tí wọ́n gbá ibẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì tẹ́ ẹní sí i. O ní kò sí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ nínú ilé yẹn tí o lè pè ní tìrẹ. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí mo sunkún tán, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, má bínú sí mi. Mo mọ ẹnì kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí, èmi ni.

O mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, wọ́n gbé mi wá fún bàbá rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la títì. Ìwọ wá ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ Ọ̀yọ́. Ọ̀nà kan náà ni a jọ rìn, ẹ̀yìn ni èmi kọ sí ibi tí ìwọ kọjú sí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti fi orí ara mi gbá.

Èkínní, kí o tó gbẹ́ ilẹ̀, bèèrè iṣẹ́ tí ilẹ̀ náà ń ṣe kí o tó dé. Ibi tí o júwe yẹn, tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ tí kò sí igi tó ṣíji bò ó, ta ló sọ fún ọ pé ó ṣófo? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá iṣu èlùbọ́. Mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo lè fi orí mi sọ ọ́. Ìgbà òjò lo gbin nǹkan síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lò ó. Òjò wá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n kó iṣu wọn dé, wọ́n bá ewé kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ níbi tí ẹní wọn máa ń wà. Kí lo fẹ́ kí ìyá arúgbó ṣe? Àlejò lójú, kò fi ríran. Kì í ṣe èébú, Àṣàkẹ́, bó ṣe rí fún gbogbo wa nìyẹn.

Nígbà tèmi, Baálé ilé ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, “Ìyàwó, igi wo lò ń gbìn sórí ilẹ̀ wa?” Mo kúnlẹ̀, mo ní kì í ṣe igi, ẹ̀fọ́ òyìnbó ni. Wọ́n ní ohun tí àwọn ò bá ti mọ̀, igi ni lójú àwọn, pé ẹni tó bá gbin igi sílẹ̀ ń sọ fún ayé pé òun ló nilẹ̀, àti pé ìyàwó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo hú gbogbo rẹ̀ fúnra mi kí oòrùn tó wọ̀. Ó dùn mí débi pé mi ò jẹun.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ìkòkò ti wá. Ohun tó bá wà nínú ìkòkò kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ sá èlùbọ́, gbé e kúrò. Bí ewúrẹ́ bá wọlé, gbé e ga. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú jù, gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí oòrùn òwúrọ̀ ni kábéèjì fẹ́, ilẹ̀ kò sì ṣeé gbé sá fún oòrùn. Má sọ pé ó kéré jù. Bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Èkejì, ihò. Nínú àmù bàbá rẹ kan tó ti sán lẹ́nu ni mo kọ́kọ́ gbìn ín sí, àmù náà kò sì ní ihò nídìí. Àárọ̀ ni mò ń bu omi sí i, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bu omi sí i, mo rò pé bí mo bá ṣe ń bu omi tó ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ewé rẹ̀ pọ́n, ó rọ, ilẹ̀ inú àmù náà ń rùn bí ibi tí wọ́n ti rẹ ẹ̀gẹ́. Omi tí kò bá rí ọ̀nà jáde, gbòǹgbò ló máa ń pa. Bí o bá rí garawa kẹrosíìnì, fi ìṣó lu ihò sí ìdí rẹ̀, tẹ́ àpáàdì lé ihò náà kí ilẹ̀ má bàa jò lọ, kí o sì gbé e lé orí òkúta. Ìwọ fúnra rẹ náà, wá ihò sí ìdí ọ̀rọ̀ inú rẹ. Kọ̀wé sí mi bí o ṣe kọ ọ́ yìí, mi ò ní bínú láé pé o kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, má wa ilẹ̀ pupa ojú títì. Lọ sí ààtàn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí o ti wà á, níbi tó ti dúdú tó sì ti rọ̀. Pò ó mọ́ iyanrìn odò díẹ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ni mo lò lọ́jọ́ kan, torí pé mò ń kánjú, mo fẹ́ kí ó tóbi kíá kí n lè fi yangàn lójú àwọn ìyàwó ilé yòókù. Ó jó o láti ìdí. Bàbá àgbẹ̀ kan tó máa ń ti Ìrẹsà gbé ẹ̀fọ́ wá sọ́jà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, tí wọ́n ní, “Ìyàwó, iná lo dá síbẹ̀.” Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Fọ́n irúgbìn náà sínú igbá fífọ́, fi ilẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ga tó ìka, lọ́ ọ sínú ìkòkò nírọ̀lẹ́, kì í ṣe lọ́sàn-án. Ọ̀kan ṣoṣo sí ìkòkò kan. Àánú ṣe mí nígbà tèmi, mi ò lè da ìkankan nù, mo kó gbogbo wọn sójú kan, wọ́n ń fún ara wọn lọ́rùn, kò sí èyí tó dàgbà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o má ṣe kó gbogbo ẹjọ́ tí o ní fún ọkọ rẹ jọ sí ọjọ́ kan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, olùkọ́ ni, àwọn ọmọ ilé ìwé ti lo gbogbo etí rẹ̀ kó tó délé. Ọ̀kan lónìí, òmíràn nígbà mìíràn.

Àsìkò tí ó yẹ kí o gbìn ín nìyí, tí òjò ń lọ tí ọyẹ́ sì ń bọ̀, kábéèjì fẹ́ òtútù. Láràárọ̀, kí o tó bu omi sí i, yí ewé rẹ̀ padà kí o wo abẹ́ rẹ̀. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan wà tó máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, á jẹ ẹ́ títí ewé á fi dà bí asẹ́. Ọwọ́ ni kí o fi ṣà á, kí o wá bu eérú lé e. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ọkọ rẹ tàbí ará ilé bá sọ tó dùn ọ́, ọjọ́ tó ṣì kéré ni kí o ti yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

Ó ku èyí tó ṣe pàtàkì jù, òun ni mo ṣe ní kí o jókòó.

Àwa tí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti gbúre tọ́ dàgbà, bí a bá rí ewé tútù, ọwọ́ wa á ti débẹ̀. Bí a bá ti ń já tẹ̀tẹ̀ ni ó ń yọ ẹ̀ka sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kábéèjì. Obìnrin òyìnbó tí mo ń bá rán aṣọ ní ilé míṣọ̀n ló fún mi ní irúgbìn rẹ̀, kò sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, torí kò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mò ń já ewé rẹ̀ sọ́bẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí a bá dáná, mò ń dúpẹ́ pé ó ń pọ̀. Ìgbà tó yá, ó ku igi tó dúró gbọọrọ, tó ní ewé tíńtín lórí bí ìrù adìẹ. Mo gbé e lọ hàn án, mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, kí ó tó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ewé ṣe ń ká mọ́ra lé ara wọn títí á fi di orí. Ó ní bí a bá ti ń já a, kò ní dì láé.

Bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti mọ ọ̀rọ̀ ihò. Ìyá bàbá rẹ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláró, ní ìkòkò kan tí wọ́n dá ihò sí nídìí, tí wọ́n fi ń sẹ́ omi eérú fún aró. Etí rẹ̀ ti ṣẹ́, wọ́n ti gbé e tì sẹ́yìn ààrò. Mi ò tọrọ rẹ̀. Mo gbé e, mo fọ eérú inú rẹ̀ dànù, mo gbin kábéèjì mi sí i, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ìyá Aláró rí i, wọ́n bá ìdí aró wọn lọ.

Kábéèjì yẹn dára, Àṣàkẹ́. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó ń dán. Mi ò já ìkankan. Àṣìṣe tuntun tí mo wá ṣe nìyẹn, nítorí mo ti gbàgbé ilé tí mo wà. Ìyàwó ilé wo ló ní ẹ̀fọ́ tútù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí gbogbo ilé ń jẹ ọbẹ̀ lásán? Àwọn ìyàwó yòókù ń kọjá, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wò mí. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Aláró ti ìdí aró dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ewé kan. Mo pariwo láti inú yàrá pé, “Ẹ má já a.” Báyìí gan-an. Kò sí ẹ jọ̀ọ́ níbẹ̀, kò sí Ìyá mi.

Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà. Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́ nípa ahun tó ń sin owó. Mi ò gbọ́ nípa ahun tó ń sin ẹ̀fọ́ rí.” Àwọn tó wà ní ìdí aró rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi kún un pé, “Àlejò ni, ẹ máa wò ó. Ó ṣì ń ka ti Ọ̀yọ́.”

Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti ń gbé ilé yẹn, mò ń gbálẹ̀, mò ń pọnmi, mò ń kúnlẹ̀ kí ọmọdé tó bá ti wà nílé kí n tó dé, wọ́n sì tún pè mí lálejò. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, bàbá rẹ ti lọ síbi iṣẹ́ káfíńtà. Mo di aṣọ mi díẹ̀ mọ́ ìbàdí, mo ṣu òṣùká, mo gbé ìkòkò náà rù ti òun ti kábéèjì inú rẹ̀, mo kọrí sọ́nà Ọ̀yọ́. Òun nìkan ni ohun tó jẹ́ tèmi nínú ilé yẹn lójú mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ìkòkò kì í ṣe tèmi, kábéèjì nìkan ni.

Ilẹ̀ tútù wúwo. Mo ń rìn, mo ń sọ̀ ọ́, mo ń rìn, mo ń sọ̀ ọ́. Ọrùn mi ń wọnú ara. Kí n tó dé Odò Ọbà, mo jókòó sábẹ́ igi kan tí àwọn onírìn-àjò ti máa ń sinmi, mo gbé ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo rí Ìyá Aláró tí wọ́n ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìdí aró ni wọ́n ti dìde, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá, wọn ò fọ̀ ọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo rò pé wọ́n wá bẹ̀ mí.

Wọ́n ní, “Ìkòkò mi dà?”

Mo ní, “Òun nìyí, Ìyá.”

“Kò sẹ́ni tó ní kí o má lọ. Ilé bàbá rẹ lò ń lọ, ọ̀nà sì wà nílẹ̀. Ìkòkò mi ni mo wá gbà. Ta ló fún ọ?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yìn ààrò ni mo ti rí i.”

“Ó dáa. Yọ ẹ̀fọ́ rẹ kúrò nínú rẹ̀ kí o máa lọ.”

Mo ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ inú ìkòkò náà, mi ò lè fà á tu. Ẹkún gbé mi. Ìyá Aláró dúró, wọ́n ń wò mí, ìgbà tó yá, wọ́n jókòó nítorí pé ó ti rẹ àwọn náà. Wọ́n wá tẹ orí wolẹ̀, wọ́n ń wo àárín kábéèjì náà.

“Kí ló ń ṣe níbẹ̀ yẹn tó ń ká wọra?”

“Ó ń dì ni, Ìyá.”

“Ó ń dì, kó di kí ni?”

“Gbogbo ewé rẹ̀ á ká mọ́ra, á le, á tóbi tó orí ọmọ ọwọ́. Ìgbà náà ni wọ́n ń gé e. Ó máa kárí gbogbo ilé.”

“Gbogbo ilé?”

“Gbogbo ilé, Ìyá. Òun ni mo ṣe ń fi í pamọ́.”

“Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?”

“Mo sọ fún yín pé kí ẹ má já a.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. O ní kí n má já a. O kò sọ ohun tí à ń dúró dè fún mi.”

Mo fi etí aṣọ mi nu ojú. Wọ́n bi mí bóyá ó lè yè bí a bá yọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní kò lè yè. Wọ́n ní, “A jẹ́ pé ìkòkò mi kò tíì ṣófo.” Wọ́n gba òṣùká lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ìkòkò náà rù fúnra wọn, wọ́n kọjú sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò wẹ̀yìn wò mí. Mo tún aṣọ mi dì mọ́ ìbàdí, mo tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí bàbá rẹ máa fi dé, a ti wà nílé, kò sì sẹ́ni tó rojọ́ fún wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá na ọwọ́ sí kábéèjì mi, Ìyá Aláró ló ń dá a lóhùn láti ìdí aró: “Fi í sílẹ̀, kò tíì dì.” Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ló mú un ti òkè òkun wá. Nígbà tó dì tán, àwọn ni wọ́n gé e, wọ́n pín in káàkiri agbo ilé, wọ́n fi tiwọn sínú ọbẹ̀ onírú. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tún tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, “Èyí ni mo rìn dé ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí? Kò dùn tó gbúre.” Wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀, wọ́n fọ ìkòkò náà fúnra wọn, wọ́n gbé e wá síwájú yàrá mi, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, kò ha tó àkókò?” Wọn ò pè mí lálejò mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Ṣé o rí i, Àṣàkẹ́? Mo lè sọ fún ọ pé kí o ní sùúrù, gbogbo ìyá ló ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò sọ pé kí o ṣe sùúrù lásán. Sọ fún wọn ohun tí o ń dúró dè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyálé ilé yín tu ewé tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Bí o bá ti kúnlẹ̀ fún wọn kí o tó gbìn ín, bí o bá ti sọ pé, “Ìyá, nǹkan kan nìyí tó máa di orí, tí gbogbo ilé máa jẹ, níbo ni kí n gbé e sí?” bóyá àwọn fúnra wọn ni wọn ì bá máa lé ewúrẹ́. Lọ sọ ọ́ fún wọn báyìí. Gbé ìkòkò náà sí ẹnu ọ̀nà tiwọn, kì í ṣe tìrẹ. Jẹ́ kí ó jẹ́ àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí i láàárọ̀. Kó o sì jẹ́ kí ọkọ rẹ mọ̀ pé àárò ń sọ ọ́. O kọ ọ́ sí wa, o kò sọ pé o sọ ọ́ fún un. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ, ṣùgbọ́n ewé náà kò gbọdọ̀ fara pamọ́ fún ọṣẹ.

Ìwọ náà, má máa já ewé ara rẹ. Lójoojúmọ́ lò ń wò ó bóyá o ti di ará ilé, bóyá wọ́n ti fẹ́ràn rẹ, bóyá àṣìṣe ni o ṣe. O kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Àárín rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ni.

Bàbá Ráfíù tó ń kó awọ láti Sábó lọ bá àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ ló máa mú ìwé yìí wá. Ṣe wọ́n lálejò dáadáa, torí ẹrù tí mo di lé wọn lọ́wọ́ kò kéré. Ìkòkò Ìyá Aláró ni. Òun náà ni, pẹ̀lú etí tó ṣẹ́ àti ihò ìdí rẹ̀. Irúgbìn wà nínú rẹ̀, mo wé e sínú àkísà. Má retí pé á yọ òdòdó kó so, kì í so níhìn-ín, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ wá, nítorí náà má fi í ṣòfò.

Bí kábéèjì náà bá dì, gé e fún ilé. Bó bá dì tán tó ṣì wù ọ́ láti wá, tàbí bí o kò bá tilẹ̀ lè dúró kó dì, máa bọ̀, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn kò tì, mi ò ní bi ọ́ ní ìdí, kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ sì wà lára ògiri. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Má fi ìkòkò mi sílẹ̀ sí Ọ̀yọ́, òun ni màá kọ́kọ́ bèèrè. Kò ṣeé gbé sórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀ nínú, o máa ní láti rù ú ni. Ó wúwo gan-an. Mo ti rù ú rí, mi ò dé Ọ̀yọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń retí kí o kọ̀wé pé ó ti hù.